Àkọ̀ Bíbélì Ìyá Àdúrà

Òjò àná ló ba bàtà ọkọ mi jẹ́. Ó bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà, ó lọ sùn, àgbàrá sì wọ inú ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo gbé e sídìí ààrò pé kó gbẹ, òórùn awọ tútù gba gbogbo ilé, ọmọ tí mo pọ̀n sín lẹ́ẹ̀mejì, èmi náà sì dúró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Kì í ṣe òórùn tó dùn. Ó jọ ti ewúrẹ́ tí òjò pa, ó tún ní ìkorò díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n fún bí ọdún mẹ́ta ní kékeré mi, òórùn yẹn ló wà lọ́wọ́ mi, lára aṣọ mi, àti nínú oúnjẹ tí mo bá fọwọ́ jẹ. Ẹ̀yin àbúrò mi tó jẹ́ pé àpò onírọ́bà oní-síìpù lẹ bá láyé, ẹ jẹ́ n sọ bí a ṣe ń ṣe àkọ̀ fún yín.

Ní agboolé wa ní Lálúpọn, àbúrò bàbá bàbá mi kan wà tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Àkọ̀. Wọn kì í ṣe bàtà, wọn kì í ṣe bẹ́líìtì. Àkọ̀ nìkan ni. Ohunkóhun tí èèyàn bá fẹ́ kó nílé awọ tó máa wẹ́kú mọ́ ọn lára, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé e wá: àdá àgbẹ̀, ọ̀bẹ alápatà, awò ojú tíṣà, rédíò kékeré tí àwọn bàbá ń gbé lọ sóko, Kùránì àwọn alùfáà, Bíbélì àwọn ará ìjọ Aládùúrà. Mùsùlùmí ni Bàbá. Wọn a ṣe àlùwàlá kí wọ́n tó fọwọ́ kan Kùránì oníbàárà, bí Bíbélì ló bá sì dé, wọn a ṣe é bákan náà. Nígbà tí ẹnì kan bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní, "Ìwé Ọlọ́run ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n gbé e wá. Èmi ò ní bá wọn jiyàn."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn nibi iṣẹ́, lórí ẹní kan tí ìda oyin ti sọ di dúdú. Awọ ewúrẹ́ pupa tí àwọn Hausa ń tà lọ́jà Ṣáṣá ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹ ò gbọdọ̀ fi awọ tútù kan ìwé, ìdí nìyẹn tí Bàbá fi ń kọ́kọ́ gbẹ́ igi kan tó gùn bí ohun tí a fẹ́ ṣe àkọ̀ fún, tó fẹ̀ tó o, tó sì nípọn tó o. Ẹ̀dà là ń pe igi náà. A ó rẹ awọ sómi títí yóò fi rọ̀ bí etí ajá, a ó nà án mọ́ ẹ̀dà lára, a ó sì fi egungun ìhà màlúù tó ti dán tẹ gbogbo igun ẹ̀. Ibòji ló ti ń gbẹ, ọjọ́ kan àti òru kan. Ẹni tó bá kánjú gbé e sóòrùn, awọ tó le bíi páànù ló máa bá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó fi ìlu, irin kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó, lu ihò sí etí ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi abẹ́rẹ́ méjì rán an, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, kí wọ́n pàdé nínú ihò kan náà.

Bàbá ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń dán àkọ̀ wò. Bí ẹ bá ti nǹkan bọ inú ẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ rọra jáde, kó dún fùù, bí ẹni tó jókòó lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Wọ́n ní àkọ̀ ń mí nìyẹn. Bí ẹ bá wá dojú ẹ̀ délẹ̀, ohun inú ẹ̀ ò gbọdọ̀ jábọ́ fúnra ẹ̀. Ẹ ó mì ín lẹ́ẹ̀kan, á sì yọ́ bọ́ sọ́wọ́ yín. Èyí tí kò bá mí, wọn ò ní jẹ́ kó jáde nílé.

Eékún tó ń dun Bàbá ló sọ mí di ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Wọn ò lè rìn lọ sílé oníbàárà mọ́, èmi ni wọ́n ń fi okùn ìwọ̀n rán. Màá ta kókó kan síbi tí gígùn nǹkan parí sí, ìkejì síbi tí fífẹ̀ ẹ̀ parí sí, ìkẹta fún bó ṣe nípọn tó. Ṣùgbọ́n wíwọ̀n nìkan ò tó mi. Rírán ni mo fẹ́. Gbogbo agboolé ló fi mí ṣẹ̀rín, pàápàá Ìyá Ràfíù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ẹnu wọn kì í sinmi.

"Ọmọbìnrin wo ló ń rán awọ?" ni wọ́n máa ń wí. "Ṣé àkọ̀ àdá lo fẹ́ gbé wọlé ọkọ ni?"

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, ni Ìyá Àdúrà ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ àkọ̀ fún Bíbélì àwọn. Àgbà nínú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, opó ni wọ́n, gàrí ni wọ́n sì ń dín. Lọ́jọ́ Sátidé, ìjọ wọn fẹ́ lọ sórí òkè àdúrà. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, òjò pa wọ́n lórí òkè náà, Sáàmù bí ogún sì lẹ̀ mọ́ra títí dòní.

Bàbá pè mí. Wọ́n ní, "Ìwọ ni kó o ṣe tìyá yìí. Mo máa gbẹ́ ẹ̀dà fún ẹ, n ò ní fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Bó bá wọ̀, wàá máa jókòó sórí ẹní yìí. Bí ò bá wọ̀, padà sídìí ẹ̀gẹ́ bíbó ìyá ẹ, kí gbogbo wa sinmi."

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo lọ wọ̀n ọ́n. Ìyá Àdúrà wà nídìí agbada, èéfín ti bò wọ́n, wọ́n kàn fọwọ́ júwe yàrá: "Orí tábìlì ló wà. Lọ wọ̀n ọ́n, ọmọ mi." Mo bá Bíbélì náà tó wú bí àkàrà, bébà ń yọ jáde ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Lẹ́tà mẹ́ta wà nínú ẹ̀, èyí tí Sámúẹ́lì ọmọ wọn kọ láti Jọ́ọ̀sì kó tó di pé a ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Fọ́tò Dọ́káàsì wà níbẹ̀, ọmọbìnrin wọn tó kú. Bébà kan tún wà tí ọkọ wọn kọ ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ sí. Tíṣà wa níléèwé sì ti kọ́ wa pé ẹni tó bá ń ki nǹkan bọ inú ìwé ń ṣẹ́ ìwé lẹ́yìn. Mo kó gbogbo ẹ̀ jáde, mo wọn Bíbélì géérégé, mo ta kókó mẹ́ta, mo sì kó wọn padà bí mo ṣe bá wọn. Bíbélì ni wọ́n ní kí n wọ̀n, Bíbélì ni mo wọ̀n. Òótọ́ ni pé mo ka ojú kìíní nínú lẹ́tà kan. Sámúẹ́lì kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi kan ajá.

Mo rán àkọ̀ yẹn bí ẹni ń ṣèdánwò. Ní ọ̀sán Tọ́sìdé, mo ti ẹ̀dà bọ inú ẹ̀, ó mí. Mo dojú ẹ̀ délẹ̀, ẹ̀dà ò jábọ́. Mo mì ín, ó yọ́ bọ́ sọ́wọ́ mi. Mo ṣe é tó ìgbà mẹ́wàá. Mo tiẹ̀ gbé e lọ sẹ́bàá Ìyá Ràfíù kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àdúrà gbé Bíbélì dé. Mo gbà á, mo tì í bọlé. Ó dé ìdajì, ó dúró. Mo tún tì í, awọ náà dún wìn-ín.

"Ẹ kó àwọn bébà yẹn jáde, mà," ni mo wí. "Á wọlé."

"Kí n kó wọn lọ síbo?" Wọn ò pariwo. "Àwọn gan-an ni mò ń gbé lọ sórí òkè. Bíbélì tiẹ̀ wà níbẹ̀."

Bàbá mú okùn ìwọ̀n mi, wọ́n fi kókó kẹta wé ẹ̀gbẹ́ Bíbélì. Ó kù tó ìbú ìka kan. Wọ́n wò mí. "Ṣé bó ṣe nípọn tó lọ́jọ́ Mọ́ńdè nìyí?"

Mo mọ ohun tí mo lè sọ. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, tí mo ní Ìyá Àdúrà ti ki nǹkan kún un lẹ́yìn mi, ta ni yóò jà mí níyàn? Ìyá Ràfíù dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ajọ̀ gàrí lọ́wọ́, wọ́n ń dúró de ohun tí wọ́n fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín títí di ọdún tó ń bọ̀. N ò ní purọ́ fún yín pé ìwà rere ló mú mi sọ òótọ́. Àwọn Aládùúrà a máa ríran. Mo gbà nínú ọkàn mi pé Ìyá Àdúrà ti rí mi nínú yàrá yẹn látìdí agbada wọn.

"Wọ́n wà nínú ẹ̀," ni mo wí. "Èmi ni mo kó wọn jáde kí n tó wọ̀n ọ́n."

"O kà wọ́n?" ni Ìyá Àdúrà bi mí.

"Mo ka díẹ̀, mà."

"Èwo?"

"Ibi tí wọ́n ti kí ajá."

Ejìká Ìyá Àdúrà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. "Ajá yẹn ti kú kí lẹ́tà náà tó dé," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi ìborùn nu ojú.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ju àkọ̀ náà sí mi lẹ́sẹ̀. "Ihò awọ kì í padà dí," ni wọ́n wí. "Àwọn ihò tó o lu náà lo máa lò. Lọ wá ohun tó máa wà láàárín wọn."

Ní àárọ̀ Fúráìdè, mo tú gbogbo òwú ẹ̀. Mo gé ọ̀já awọ kan tó fẹ̀ ju ìbú ìka kan lọ díẹ̀, tó lè gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ sísàlẹ̀, kó sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì gòkè. Awọ pupa ti tán, dúdú tó ṣẹ́kù lára àkọ̀ ọ̀bẹ alápatà ni mo lò. Mo ka ihò, mo lu iye kan náà sí etí ọ̀já náà méjèèjì, mo wá rán iwájú mọ́ ọn, mo rán ẹ̀yìn mọ́ ọn. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ìlu gún mi níka, mo fi ìka náà sẹ́nu, mo ń rán an lọ. Ní igun ìsàlẹ̀ méjèèjì, awọ náà súnkì bí iwájú orí arúgbó, n ò sì mọ bí mo ṣe máa tún un ṣe.

Láàárọ̀ Sátidé, Ìyá Àdúrà dé nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, ọkọ̀ ìjọ ń fọn fèrè lójú títì. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ti Bíbélì náà bọ inú ẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà, fọ́tò àti ohun gbogbo. Ó dún fùù. Wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, kò jábọ́. Wọ́n gbé e sí àyà, wọ́n sì lọ.

Ìyá Ràfíù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ ṣáà ní bí ò bá wọ̀, ìdí ẹ̀gẹ́ ló ń padà sí."

"Kò wọ̀ lẹ́ẹ̀kìíní, ó wọ̀ lẹ́ẹ̀kejì," ni Bàbá wí, wọ́n ń wá abẹ́rẹ́ wọn lórí ẹní. "N ò sọ iye ìgbà." Wọ́n sún díẹ̀. Àyè tó gba ọmọdé kan ni wọ́n fi sílẹ̀, mo sì jókòó síbẹ̀.

Mo rán àkọ̀ títí mo fi parí ilé ìwé kékeré. Nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì, Bàbá ò lè jókòó pẹ́ mọ́, kó tó di pé mo jáde, wọ́n ti dolóògbé. Nísinsìnyí, ẹ lè ra àpò Bíbélì oní-síìpù lọ́jàkọ́jà, gbogbo ẹ̀ tóbi bákan náà, Bíbélì kékeré a sì máa yí kiri nínú ẹ̀ bí ẹ̀pà inú igbá. Kò burú. Ó rọrùn, kò ní òórùn, òjò kì í sì í wọ̀ ọ́. N ò tíì rí èyí tó ń mí ṣá. Èmi náà ò rán awọ mọ́, ilé ọkọ mi ní Ẹgbẹ́dá ò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi ni pé n kì í wọn nǹkan ẹnikẹ́ni láìbi í pé kí ló ń kó sínú ẹ̀.

Oṣù tó kọjá, mo gbé ọmọ lọ sí Lálúpọn, mo sì yà kí Ìyá Àdúrà. Wọ́n ti di arúgbó gan-an. Àkọ̀ náà wà lórí tábìlì, ọ̀já dúdú ẹ̀ ti ń dán. Mo gbé e, kí n tó yí i dáadáa, Bíbélì ti jábọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Àwọn bébà inú ẹ̀ ti tán. Sámúẹ́lì ti dé láti ọjọ́ pípẹ́, òun ló gba lẹ́tà ara ẹ̀ lọ, ó ní ojú ń ti òun. Ọmọ tí Dọ́káàsì fi sílẹ̀ lọ sílé ọkọ, ó mú fọ́tò ìyá ẹ̀ dání. Bébà ọjọ́ ìbí lọ sí kánsù nítorí ìwé ọjọ́ orí ẹnì kan, kò sì padà wá.

"Ẹ jẹ́ n gbé e lọ, mà," ni mo wí. "Màá yọ ọ̀já yẹn kúrò, á tún wẹ́kú."

"O tún ti fẹ́ wọn Bíbélì nìkan." Wọ́n na ọwọ́. "Fọ́tò ọmọ ẹ dà?"

Ọ̀kan wà nínú àpò mi, èyí tí a yà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Wọ́n gbà á, wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n fi í sáàárín Sáàmù tó lẹ̀ mọ́ra, wọ́n ti Bíbélì bọ inú àkọ̀, wọ́n sì dojú ẹ̀ délẹ̀ lórí itan wọn. Ó ṣì yọ́ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lọ́ra díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Lọ bí méjì sí i," ni wọ́n wí.