Iná Inú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Òórùn dísù ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọjọ́ ọjà nílé wa ní Ṣàrẹ́. Bàbá mi á ti gbé kẹ́ẹ̀gì epo sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti àná, òórùn rẹ̀ á sì dà pọ̀ mọ́ ti ẹja gbígbẹ tí kì í kúrò lára àwọn àpò ìyá mi. Wọn ò tíì ní pe ìrun àsùbá tí màá ti jókòó sórí ẹní, tí màá máa gbọ́ bí àwọn méjèèjì ṣe ń táràrà wá bàtà. Bí mọ́tò bá ti gbé wọn lọ sétí odò báyìí, ara mi ò ní balẹ̀ mọ́ títí wọn ó fi dé. Nílé ìwé, tíṣà á ní kí n yé gbọn ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mi ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé mò ń gbọ̀n ọ́n.

Bàbá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Nupe, Bàbá Kólo, ni wọ́n jọ ni ọkọ̀ onígi kan lórí Odò Ọya. Ọkọ̀ náà ní yàrá tí wọ́n fi páànù bò, èrò á jókòó lọ́tùn-ún lósì, ẹrù á wà láàárín. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn lọ́sàn-án gan-an. Bàbá mi wá so gílóòbù mọ́ òrùlé rẹ̀, irú èyí tó máa ń wà nínú lọ́rì àtijọ́, ó sì fà wọ́n mọ́ bátìrì tí wọ́n fi ń ta ẹ́ńjìnnì jí. Ó fẹ́ràn iná pupa yẹn. Ó ní ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ á rò pé ilé ara òun lòun wà.

Ìyá mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Àwọn gílóòbù náà máa ń gbóná débi pé wọ́n ti jó etí gèlè rẹ̀ rí, wọ́n sì ń fa bátìrì gbẹ. Á ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Iná ara aṣọ làwọn àgbà fi pa òwe yẹn, ti inú ọkọ̀ ni ìyá mi ń bá wí.

Lásìkò ọyẹ́ ọdún kan tí wọ́n fún wa ní ìsinmi, wọ́n mú mi dání. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí à ń padà bọ̀. Obìnrin kan jókòó tì mí, ó ń gbé ọmọ rẹ̀ tí ibà ń ṣe lọ sí ọsibítù ní Ṣàrẹ́. Láàárín odò ni koríko ti lọ́ mọ́ irin tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀. Bàbá mi pa ẹ́ńjìnnì, Bàbá Kólo sì bọ́ sómi, ó gé koríko náà kúrò. Ṣùgbọ́n iná wà ní títàn ní gbogbo ìgbà yẹn. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ ta ẹ́ńjìnnì jí, ó kan kérora ni, ó sì dákẹ́. Àwọn gílóòbù náà pọ́n bí ẹyin iná, wọ́n kú.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí àwọn àpáta tí bàbá mi máa ń jìnnà sí, wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó pariwo. Obìnrin yẹn di ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń ṣe làíláà lábẹ́lẹ̀. Ìyá mi tẹ orí mi mọ́ itan rẹ̀. Mo gbọ́ bí bàbá mi àti Bàbá Kólo ṣe ń fi ọ̀pá ti omi. Ọkọ̀ gbá àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́, pátákó kan là, omi ń wọlé sí wa lẹ́sẹ̀, kí wọ́n tó tì í gun orí iyanrìn. Apẹja kan tó rí wa kọ́kọ́ gbé obìnrin náà àti ọmọ rẹ̀, ìyá mi sì sọ èmi náà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Mo sunkún títí a fi gúnlẹ̀, nítorí bàbá mi ṣì wà lẹ́yìn. Ara ọmọ yẹn yá lẹ́yìn náà. Ìyá rẹ̀ gbé e wá kí wa.

Ọjọ́ kejì ni ìyá mi sọ ọ́ tán. "Bàbá Rísí, èmi àti ọmọ mi ò ní wọ ọkọ̀ yẹn mọ́ títí ẹ ó fi yọ iná yẹn."

Bàbá mi ní koríko ló fà á, kì í ṣe iná. Ó tún pátákó ṣe, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyá mi wá ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ ẹlòmíì, lójú gbogbo èbúté. Oúnjẹ bàbá mi ò yẹ̀, ìkíni ò yẹ̀, ṣùgbọ́n ilé wa dà bí ilé tí wọ́n ń retí àlejò tí kò dára.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà kan, bàbá mi dé, ó bá mi lẹ́bàá títì. Ọyẹ́ ti la ètè mi.

"Kí lò ń dúró ṣe níbí?"

Mo sọ fún un pé mi ò lè jókòó, pé bí mo bá jókòó, àpáta yẹn á tún máa bọ̀. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sílé. Kí ọjọ́ ọjà tó tún kò, ó ti ránṣẹ́ pe Mùráínà, rìwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí ìgbà yẹn, ìgbà tí àwọn tọ́ọ̀ṣì kéékèèké oníná funfun ń lé àtùpà jáde nílé wa. Irú iná yẹn, LED, ni Mùráínà tò sí òrùlé yàrá ọkọ̀. Bàbá mi fọwọ́ kan ọ̀kan, ó tutù.

"Iná wo ni kì í gbóná?"

Mùráínà ní ooru ti àtijọ́ ló ń jẹ bátìrì. Láti fi dán bátìrì wò, wọ́n tan tuntun náà láti ọ̀sán, wọn ò sì ta ẹ́ńjìnnì jí. Ìyá mi jókòó lórí àpò rẹ̀ ní èbúté, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Èmi ń lọ, mò ń bọ̀ láàárín wọn. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, bàbá mi tẹ ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan, ó dún. Ìyá mi dìde, ó gbé àpò rẹ̀ karí, ó wọnú ọkọ̀, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Ó wò wá yíká, ó ní gbogbo wa funfun bí aláìsàn. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n tún máa lọ, ó ti fi ọ̀rá pupa rẹ́súrẹ́sú wé àwọn iná náà, ọ̀rá ò sì yọ́.

Mo rò pé ìfòyà mi máa parí níbẹ̀. Kò parí. Òmù-Àrán ni mo wà báyìí, mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ. Ojú ọ̀nà Ìlọrin ni ọkọ mi ń ná, fóònù sì wà lọ́wọ́ mi tí mo lè fi bi í pé ibo ló dé. Síbẹ̀, màá dìde, màá jókòó, màá tún dìde. Ọmọ tí mo jẹ́ ní Ṣàrẹ́ nígbà yẹn sàn jù mí lọ lọ́nà kan. Bí bàbá rẹ̀ bá ti wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, oorun á gbé e lọ. Èmi, gbogbo wọn lè ti wọlé tán, kí ọmọ mi máa hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, kí n ṣì máa tẹ́tí sí ọ̀nà.