Imí-eṣú Orí Oko Bàbá Mi

Òórùn imí-eṣú ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Bí a bá fi ọwọ́ rún ewé rẹ̀, á máa rùn bí òbúkọ, síbẹ̀ òdòdó rẹ̀ kéékèèké rẹwà lójú. Lọ́dún tí bàbá mi kú ní abúlé wa lọ́nà Ìjàyè, òdòdó yìí bo gbogbo ilẹ̀ wọn tó wà létí odò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ ewéko jáde ní yunifásítì ni, ẹnu mi sì yá ju ọgbọ́n orí mi lọ.

Ìyá mi ṣì wà nínú opó, tí kò lè dé oko, nígbà tí àbúrò bàbá mi, Bàbá Kékeré, kéde pé kò sí ẹni tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀ náà rí. Igbó ẹbí ni, wọ́n ní, àwọn sì ti rí ẹni tí yóò rà á. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni ìyá mi gbójú lé láti fi bọ́ wa.

Mo ní, “Bàbá Kékeré, imí-eṣú kì í bo igbó báyìí. Ibi tí ọkọ́ bá ti kọjá ló máa ń gbà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Akọ̀wé! Ṣé òdòdó ló máa wá jẹ́rìí níwájú àgbà?”

Mo rò pé mo ti borí. Mi ò mọ̀ pé ńṣe ni mo la ojú wọn.

Nígbà tí ìyá mi jáde opó, àwọn àgbà ẹbí dá ọjọ́ tí wọn yóò wá wo ilẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, mo gbọ́ òórùn oògùn apakoríko láti ọ̀nà odò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi fín in wà lẹ́yìn ilé Bàbá Kékeré, ó ṣì tutù. Bí òdòdó ò bá lè jẹ́rìí, kí ló dé tí wọ́n fi pa á? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nígbà tí àwọn àgbà dé, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ, ó ti wó lulẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́. Àfi bí ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ṣe dúró, tí wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí ilẹ̀: ebè iṣu bàbá mi ló tò lọ títí dé etí odò. Òdòdó ló ti bò ó mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀.

“Ta ló kọ ebè sínú igbó tí ẹnikẹ́ni ò dé rí?”

“Òkété ni,” Bàbá Kékeré dáhùn.

“Òkété tó ń kọ ebè lẹ́sẹẹsẹ? Wàláhì, ẹ bá mi mú un wá, mo ní oko tó máa bá mi ro.”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ńṣe ni wọ́n jókòó sórí ebè kan, wọn ò sì dìde títí àwọn àgbà fi ní ilẹ̀ di ti ìyá mi.

Títí dòní, Bàbá Kékeré ò tọrọ àforíjì. Bí a bá pàdé, wọ́n á béèrè àlàáfíà oko, èmi náà á dọ̀bálẹ̀, màá dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí imí-eṣú bá ti yọ òdòdó, mo máa ń rìn yí ilẹ̀ náà ká, màá dúró, màá sì fi imú wá òórùn oògùn nínú afẹ́fẹ́.