Wọ́n Yọ Ọ̀bẹ

Bàbá mi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni pe àgbàlagbà ní "ó" nínú ilé wọn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí a ń gbé ní Ìtòrí, àwọn ará àdúgbò mú arúgbó kan tó ń jí adìẹ. Mo sáré wá ròyìn nílé pé ó ti jí tiwa náà. Bàbá mi gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní ta ló jí adìẹ. Mo ní bàbá arúgbó yẹn ni, ó jí i lánàá. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ títí kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń wá lẹ́nu mi: "Wọ́n jí adìẹ wa." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó padà sídìí ìwé ìròyìn wọn. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Adìẹ kò padà wá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà wọ̀ mí lára, òun náà ló sì tú mi fó nígbà tí mo dàgbà.

Ọ̀dọ̀ mi ní Abẹ́òkúta ni bàbá mi ń gbé láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ní ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Papalanto, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gidi ni àwọn, pé ìjọba ni kò tètè mọ̀. Ojú wọn ọ̀tún ti lọ pátápátá. Èyí tó kù, òjìji lásán ló ń rí. Etí wọn ni ẹ ò gbọdọ̀ fi ṣeré. Tí mo bá ń rọra ya páálí bisikíìtì ní kíṣìnnì, láti yàrá wọn ni wọ́n ti máa béèrè bóyá èmi nìkan ni mo fẹ́ jẹ ẹ́.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi l'Ékòó ló fún mi ní eré Kòríà yẹn. Agbanipa kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, tó dé fìlà wálẹ̀ títí dé ìpéǹpéjú, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó jẹ́. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ń wá a kiri, ọkùnrin tí kì í sùn, tí kò sí ohun tó ń jẹ ju ọbẹ̀ gbígbóná tí ìyá àgbà kan ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ ọlọ́pàá. Èdè Kòríà ni wọ́n ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀ àwòrán, ó sì ń sáré kọjá lọ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Bàbá mi kò lè rí i kà. Nítorí náà, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a ti jẹ ìrẹsì tán, màá jókòó tì wọ́n, màá máa sọ ọ́ ní Yorùbá. Orúkọ àwọn èèyàn náà le lẹ́nu, a bá fún wọn ní tiwa: Aláìsùn, Oníbòmú, Ìyá Ọlọ́bẹ̀. A sì jọ ṣàdéhùn pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wò ó lẹ́yìn ẹnì kejì, bàbá mi sì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ò ní purọ́, ó ṣòro fún àwọn láti yẹ àdéhùn yẹn.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni. Bàbá mi a ní kí n dá a dúró, irú bàtà wo ni Oníbòmú wọ̀, ṣé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní títì, kí ló dé tí ọlọ́pàá yẹn ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́? Ojú mi yóò wà lórí Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ yẹn, ojú mi yóò wà lórí àwòrán, ẹnu mi yóò máa ṣiṣẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi ń ṣú, ọ̀fun mi ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìdájí ọjọ́ kejì ọkọ̀ ojú irin ń dúró dè mí.

Nínú ọkọ̀ ojú irin náà ni mo ti ki ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bọ etí lọ́jọ́ kan, tí mo wo apá tó tẹ̀ lé e lórí fóònù mi. Díẹ̀ péré ni mo fẹ́ wò. Mo wò ó tán, mo tún wo òmíràn. Nígbà tí ìbòmú já bọ́ lójú agbanipa, tí mo rí i pé Ìyá Ọlọ́bẹ̀ ni, mo ké débi pé ẹni tó jókòó tì mí bi mí bóyá wọ́n pè mí láti ilé. Ohun tó ń dùn mí títí di òní kì í ṣe pé mo wò ó. Ó dùn mọ́ mi nínú pé bàbá mi kò sí níbẹ̀. Ara tù mí pé kò sẹ́ni tó ní kí n dá nǹkan kan dúró, mo sì jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní.

Ní àkókò yẹn gan-an ni mo gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Lẹ́yìn tó yẹ̀ wọ́n wò tán, dókítà náà ní kí n bá òun jáde díẹ̀. Ó sọ fún mi ní ẹnu ọ̀nà pé ojú kan tó kù náà ń lọ, pé oògùn tí à ń kán sí i kàn ń fà á sẹ́yìn ni, kò lè dá a dúró. Nígbà tí a wọ mọ́tò, bàbá mi béèrè ohun tó wí. Mo ní ó ní kí a máa kán oògùn lọ, pé ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì ń fi ọwọ́ lu orúnkún wọn bí orin ṣọ́ọ̀ṣì títí a fi délé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a dé ibi tí Oníbòmú ti ń gun àtẹ̀gùn ilé ẹnì kan lọ nínú òkùnkùn. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ìbòmú ṣì wà lójú rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ lọ ní tèmi. Mo ní, "Wọ́n ń gòkè bọ̀. Wọ́n dúró. Wọ́n yọ ọ̀bẹ."

"Dá a dúró," ni bàbá mi wí.

Mo dá a dúró.

"Mélòó ni wọ́n?"

Mo ní ẹnì kan ni.

"Ẹsẹ̀ ẹnì kan lèmi náà gbọ́." Wọ́n gbé ara wọn ró lórí àga. "Láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀, 'ó' lò ń pe Oníbòmú. Ó pa á, ó sá lọ. Lónìí ó di 'wọ́n'. Àgbàlagbà ni, o sì ti mọ ẹni náà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó jáde. Ọ̀gá tó ń darí Aláìsùn ní àgọ́ ọlọ́pàá ti kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jọ wo ìsìnkú rẹ̀ ni. Nínú àwọn àgbà, ta ló kù? Wọ́n lu àga, wọ́n ní Ìyá Ọlọ́bẹ̀ ni, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bí àwọn ṣe ń mú olè lẹ́nu géètì nìyẹn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo ń bẹ̀bẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Ẹ̀rín wọn dáwọ́ dúró.

"Kí ni dókítà yẹn sọ?"

Mo ní, "Ṣebí mo ti sọ fún yín."

"Tẹ́lẹ̀, kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí o kì í sọ fún mi kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé, 'Tójú yín bá là, ẹ ó tún un wò fúnra yín.' Láti ìgbà tí a ti ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ mọ́."

N kò mọ̀ pé mo ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ojú tì mí ju ti ọmọ tó jalè lọ. Mo sọ gbogbo ohun tí dókítà wí fún wọn, n kò yọ ọ̀kan sílẹ̀, mo ń sunkún. Bàbá mi kò sunkún. Wọ́n béèrè ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Mo ní ojú Ìyá Ọlọ́bẹ̀ ni, lókè ìbòmú. Wọ́n ní báwo ló ṣe rí. Mo ní ó rẹ̀ wọ́n, ó jọ pé wọn ò fẹ́ ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe.

"Ojú rẹ ni mo ní báyìí," ni wọ́n wí. "Má ṣe wo nǹkan kan ṣáájú mi mọ́ kí o wá fi pa mọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ní n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láé.

Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n nu ojú wọn méjèèjì pẹ̀lú etí aṣọ, wọ́n kọ ojú sí ibi tí ohùn tẹlifíṣọ̀n máa ń gbà wá, ojú wọn sì mọ́lẹ̀ bíi ti ọmọdé tó ń retí àlọ́.

"Ṣé Aláìsùn mú wọn níkẹyìn?"

Mo ní n kò tíì wò ó débẹ̀.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "A ó jọ wò ó nìyẹn."

Mo ti wò ó tán ní ọjọ́ Ẹtì, kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Abẹ́òkúta. Mo tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ, mo sì ń ṣọ́ ẹnu mi.