Ẹ̀rọ Géèmù Níbi Ìsìnkú

Òórùn kápẹ́ẹ̀tì tó ti mu omi òjò ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí nípa gbọ̀ngàn tí ìjọ wa ń yá lò ní Longsight, nílùú òyìnbó níbí. Ibẹ̀ ni olórí ẹ̀ka mídíà wa ti máa ń yangàn. Ó ra ẹ̀rọ géèmù tuntun, funfun báláú, ó sì sọ ọ́ di ìwàásù. Tó bá ti rí kọ̀ǹpútà àlòkù tí mo fi ń gé fídíò ìsìn, á yínmú.

"Ìyẹn ṣì ń ṣiṣẹ́? Console mi, 4K ni, picture ẹ̀ clear gan-an, bro. Kò sí nǹkan tí laptop ń ṣe tí kò lè ṣe."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọkùnrin yìí kò gé fídíò ìṣẹ́jú kan rí láyé rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá lórí ẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò Fallowfield a sì máa fi góòlù lù ú ní àlùbolẹ̀.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé bàbá arábìnrin kan nínú ìjọ kú ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni arábìnrin náà ń ṣe, ìwé físà rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba, kò lè rìnrìn àjò. Àbúrò rẹ̀ tó wà nílé ṣèlérí pé tí wọ́n bá ti sọ pósí kalẹ̀, òun á pe orúkọ rẹ̀ lórí fídíò, arábìnrin náà á dáhùn, á dágbére fún bàbá, òun á sì bá a da yẹ̀pẹ̀ tirẹ̀ sí sàréè. Ohun tó ń fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Fóònù kì í gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú gbọ̀ngàn yẹn, wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà, olórí wa sì ti so ó mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, ó ní orí ẹ̀rọ òun la ó ti wo ìsìnkú náà.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n so tèmi mọ́ ọn," mo ní.

"Calm down. Update kékeré ló ń ṣe."

Update kékeré! Wọ́n ti ń kọrin ìgbẹ̀yìn l'Abẹ́òkúta nígbà yẹn. Nígbà tó ṣe é tán, kò síbi tó ti máa ṣí link fídíò tí àbúrò náà fi ránṣẹ́, torí géèmù ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún. Ọkùnrin náà ń tẹ bọ́tìnnì, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, arábìnrin wa sì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ńlá, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù inú géèmù ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo fa wáyà náà yọ, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mi. Mi ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kọ̀ǹpútà mi kùn, ó tún kùn, ó ṣí. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ti ń kó ṣọ́bìrì lọ. Àbúrò rẹ̀ nìkan ló dúró létí sàréè, ohùn rẹ̀ ti há.

"Àǹtí mi, mo pè yín títí."

"Èmi rèé," ni arábìnrin náà dáhùn. "Bàbá mi, ó dàárọ̀ o."

Àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu yẹ̀pẹ̀, ó dà á sórí òkìtì sàréè tí wọ́n ti mọ tán. Gbogbo wa ń sunkún, àfi ẹnì kan. Olórí wa sún mọ́ mi, ó sọ sí mi létí pé, "Tó bá jẹ́ tèmi ni, picture yẹn ì bá clear ju báyìí lọ."

Títí dòní, tí wọ́n bá ń jiyàn lójú mi lórí ẹ̀rọ tó dára jù, mo máa ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, àti ẹni tó ń dúró dè é. Bàbá arábìnrin yẹn ti wà nínú ilẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ìpè, torí pé ẹnì kan fẹ́ ká rí i pé tòun ló mọ́lẹ̀ jù.