Ìṣó Ló Kọ́kọ́ Kàn

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 2009. Irun orí Dorivalda gùn ní mítà kan.

Ìjọ tí ìdílé rẹ̀ ń lọ ní erékùṣù Marajó, lẹ́nu odò Amasónì, kì í jẹ́ kí obìnrin gé irun. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ lódò ni, ó tú irun náà sílẹ̀ kó lè gbẹ, ó sì bọ́ sínú ọkọ̀ tí Benevaldo, bàbá rẹ̀, fi ń kó èso àsàí lọ sọ́jà. Lọ́dọ̀ wọn, ọkùnrin ní ń tukọ̀, obìnrin ní ń gbọ́n omi inú rẹ̀. Dorivalda bẹ̀rẹ̀, ó ń gbọ́n omi lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá irin tó ń yí wà ní ìhòòhò níbẹ̀, ó sì wé irun náà mọ́ra. Kí Benevaldo tó pa ẹ́ńjìnnì, awọ orí ti bó láti òkè ojú dé ìpàkọ́, etí òsì sì bá a lọ.

Ìlú ńlá nìkan ni ilé ìwòsàn wà. Ilé ni Benevaldo kọ́kọ́ darí ọkọ̀ sí. Ozenira, ìyá ọmọ, da kọfí lílọ̀ sójú ọgbẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe, ó sì fi aṣọ dì í. Dorivalda ń gbọ́ ìró òòlù. Ó rò pé inú orí òun ni.

Nílé ìwòsàn, kọfí yẹn ni àwọn nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ṣa kúrò ní hóró-hóró. Dókítà bèèrè awọ orí; Benevaldo ní odò ti gbé e lọ. Wọ́n wá ń bẹ awọ itan Dorivalda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí. Èyí tó bá jẹrà, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tún bẹ òmíràn. Ó ní itan dun òun ju orí lọ.

Ọ̀gá kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ológun ojú omi, àwọn tó ń bá ará odò fi ìdérí sórí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ti fi ti Benevaldo fún un lọ́dún tó kọjá. Ọ̀gá náà ní òun rí ìdérí yẹn lórí ọkọ̀ ní èbúté, ó dúró digbí. Ó bèèrè pé, ta ló wá ṣí i lọ́jọ́ ìjàǹbá? Ozenira, tó bá wọn wá sílé ìwòsàn, ti sọ̀rọ̀ sí ọmọ rẹ̀ létí ṣáájú.

“Tí wọ́n bá torí ìdérí gba ọkọ̀, ebi dé nìyẹn. Sọ pé ìwọ lo ṣí i. Kò sẹ́ni tó máa bá aláìsàn wí.”

Dorivalda rò pé àbámọ̀ ló mú kí bàbá òun dá ìdérí padà lẹ́yìn ìjàǹbá. Ó ní òun lòun ṣí i. Ọ̀gá náà bá a wí.

Nígbà tí Dorivalda padà délé, Edilce, àbúrò rẹ̀ kékeré, mú un lọ wo ewébẹ̀ ìyá wọn. Inú ìdérí ẹ́ńjìnnì ni àlùbọ́sà eléwé ti ń hù.

“Ibẹ̀ náà ló wà tẹ́lẹ̀,” ni Edilce wí. “Ọjọ́ tí ẹ ṣèṣe ni Bàámi da yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ nù, tí wọ́n kàn án mọ́ ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀ ń kérora. Mo ní kí wọ́n ṣe kíá, wọ́n ní kí n mú ìṣó wá. Ìgbà tí wọ́n dé, wọ́n tún ṣí i.”

“Ta ní ń gbọ́n omi báyìí?”

“Èmi ni.”

Ọmọ tó bá ti àjò dé a máa tọrọ ìre lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Benevaldo na ọwọ́, ó ń retí. Dorivalda kọjá.

“Ará ìlú ńlá ti dé,” ni Benevaldo wí. “Kò mọ bàbá mọ́.”

“Ìṣó lẹ kọ́kọ́ kàn, Bàámi. Orí mi ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ìṣó lẹ kọ́kọ́ kàn.”

Ó fèsì pé ìdérí ń gba àyè apẹ̀rẹ̀ àsàí méjì. Gbogbo àlàyé rẹ̀ nìyẹn.

Dorivalda mú àlùmọ́gàjí, ó gé irun Edilce dé ọrùn. Ozenira sunkún irun náà. Kò sunkún tó bẹ́ẹ̀ fún awọ orí. Lẹ́yìn náà, Dorivalda wọ ọkọ̀ aládùúgbò lọ bá ọ̀gá ológun, ó sọ òtítọ́. Wọ́n ní ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọkọ̀ Benevaldo ṣì wà lójú omi.

Ìwọ tí ò ń kàwé yìí, gbé àánú rẹ kúrò ńbẹ̀. Tí ọkọ̀ bá wà nílé yín, dìde, lọ wo ìdí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Tí ọ̀pá rẹ̀ bá wà ní ìhòòhò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́, ìbáà jẹ́ bàbá rẹ ló ni í.