Ìbéèrè Àṣírí Orí Ímeèlì Ọmọ Mi

Èmi kì í fọkàn tán ẹ̀rọ. Tí mo bá fẹ́ wo nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Bridge Head, ní Onitsha, níbi tí mo ti ń ta mílíìkì àti bísíkíìtì, màá kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń yọjú. Mo fi púláásítà dí ojú kámẹ́rà fóònù mi. Tí wọ́n bá ní kí n tẹ "mo gbà", n kì í tẹ̀ ẹ́. Kí ni mo fẹ́ gbà tí n kò tí ì kà? Àwọn tí a jọ ń tajà máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin parí ilé-ìwé girama, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan ní Upper Iweka láti kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù yunifásítì. Inú ímeèlì ni lẹ́tà ìgbaniwọlé máa ń gbà wá. Ẹni tí kò bá tètè fèsì, wọ́n á fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíì. Èmi ni mo ṣí ímeèlì náà fún un. Mo ní kí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó tẹ páásíwọọ̀dù. Ẹ̀rọ tún bi mí ní ìbéèrè àṣírí kan, tí wọn yóò fi dá wa mọ̀ tí a bá gbàgbé páásíwọọ̀dù: orúkọ wo ni wọ́n ń pè ọ́ nílé? Mo rẹ́rìn-ín sínú, mo tẹ oríkì ọmọ náà. Orúkọ mùsùlùmí rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ nílé-ìwé, àwọn aládùúgbò sì ti fún un ní orúkọ Igbo. Ta ni yóò mọ oríkì rẹ̀ ní Onitsha? N kò ní kọ ọ́ síbí yìí náà, ẹ má wulẹ̀ retí rẹ̀.

Mo fi ímeèlì náà sórí fóònù tèmi àti tirẹ̀, n kò sọ páásíwọọ̀dù fún un. N kò jẹ́ kó ní ohun mìíràn tó lè fi bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù náà. Láràárọ̀, kí oníbàárà tó dé, màá ka gbogbo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Ààbò ni mo pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù ní páásíwọọ̀dù mi kì í ṣe òun mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò ṣí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni a ń retí lẹ́tà.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó di Upper Iweka. N kò kí ọ̀gá oníkọ̀ǹpútà kí n tó máa bá a jà. Ó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán, ó yẹ ímeèlì náà wò.

"Mama, biko, no vex. Dem change the password yesterday. Person wey sabi answer that your secret question fit do am. Who sabi am?"

"Nobody for Onitsha. Na only our people sabi am."

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni mo rántí ẹni tó wà nítòsí wa. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Bí ọmọ mi bá kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, oríkì yẹn ni mo fi ń dá a lóhùn, ohùn mi kì í sì í ṣe ohùn kékeré. Obìnrin Yorùbá kan tí a jọ ń ṣe àsàlátù, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá wa. Yunifásítì kan náà ni ọmọ tirẹ̀ ń wá. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló bi mí bóyá lẹ́tà ti dé, mo sì rò pé ìfẹ́ ni!

Mo délé, n kò bọ́ hìjáàbù, mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà obìnrin náà. Ọmọ mi sáré jáde, ó dì mí lápá mú.

"Màmá, ẹ má lọ. Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo change ẹ̀. Mo ní mo forget password, fóònù bi mí ní question yẹn, mo sì mọ answer ẹ̀. Lẹ́tà ò tí ì dé, mò ń check ẹ̀."

Mo pariwo. Mo ní ṣé kò mọ̀ pé olè kún orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ó dúró kí n sọ̀rọ̀ tán. Igbo yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi dá mi lóhùn, ó ń wá ọ̀rọ̀ jọ díẹ̀díẹ̀.

"Mo kọ̀wé lórí ímeèlì yẹn sí ọ̀rẹ́ mi tó wà nílùú Oba nípa bọ̀bọ́ kan ní kíláàsì wa. Ọjọ́ kejì, ẹ ń wàásù fún mi nípa bọ̀bọ́, bíi pé orí yín lẹ ti rò ó. Màmá, gbogbo àwọn tí ẹ ń suspect, kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó ka ohun tí mo kọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ kà á."

Ojú tì mí. Obìnrin alásàlátù yọjú, ó ní ṣé kò sí o. Mo ní kò sí.

Lẹ́tà náà dé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n gbà á wọlé. Ó gbé fóònù wá bá mi kí n fojú ara mi rí i. Mo nawọ́ láti gbà á. Kò fún mi. Ó fọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú síwájú mi títí mo fi kà á tán.