Àga Àròyé Bàbá Kò-Burú

Ọjọ́ tí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wá bá Bàbá Kò-Burú jà nítorí ogójì tábìlì tí kò tíì kàn tán ni gbogbo àdúgbò mọ irú ènìyàn tí ọkùnrin náà jẹ́. Obìnrin gíga ni ọ̀gá yìí, ó sì máa ń wọ bàtà tí ìró rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ló ti ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ dá fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé!"

"Òótọ́ ni, Màmá. Mo jẹ̀bi. Ṣé ọ̀rọ̀ yín pọ̀ àbí ó mọ níwọ̀n?"

"Ó pọ̀ gan-an ni!"

"Ẹ jókòó nígbà náà. Níbí o, orí ìjókòó la ti ń ṣàròyé."

Ó nawọ́ sí àga kan tó dá wà ní kọ̀rọ̀. Ìjókòó àga náà dà síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju mẹ́ta yòókù lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń ti èèyàn bí ẹni pé ó fẹ́ kí onítọ̀hún máa lọ sílé. Ọ̀gá kò kíyè sí i. Ó jókòó pẹ̀lú ìbínú.

"Àkọ́kọ́," ó ní, ìdí rẹ̀ sì sún síwájú díẹ̀. "Àkọ́kọ́ ni pé orí orúnkún làwọn ọmọ ti ń kọ̀wé." Ó fà sẹ́yìn. Àga fì sí òsì. "Ìkejì..." Ó tún sún. Nígbà tó fi máa dé ẹ̀kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti di etí tábìlì iṣẹ́ mú, ó sì ti fẹsẹ̀ tilẹ̀ bí ẹni tó ń ti mọ́tò tó kú. Bàbá Kò-Burú fọwọ́ lẹ́rán ní tirẹ̀, ó ń gbọ́ ọ tọkàntọkàn.

"Ṣé ó ṣì ku nǹkan kan, Màmá?"

"Ó ku kí ẹ fà mí dìde!"

Ni obìnrin náà bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tábìlì náà pé lọ́jọ́ kẹsàn-án, nítorí ojú ti káfíńtà lóòótọ́.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, wo gbogbo eré yìí láti ojú fèrèsé. Òun nìkan ló mọ ibi tí àga náà ti wá. Àga àkọ́kọ́ tí ọkọ rẹ̀ dá kàn láyé rẹ̀ ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, ó sì kan án láti fi gba àlejò ìyá ìyàwó, ẹni tó ń bọ̀ wá sọ fún un pé òun kò ní fọmọ òun fún ẹni tí kò ní ju òòlù kan lọ.

Ìyá jókòó. Ó ní, "Ọ̀dọ́mọkùnrin, ọ̀rọ̀ tí mo bá wá..." Ilẹ̀ ló bá ara rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè jọ wà nílẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ yín tán." Ìyá wò ó, ó wo àga, ẹ̀rín sì pa á. Nígbà tó délé, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ọkùnrin tó lè kan irú àga yẹn, tí kò sì sá lọ, kò ní sá fún ohunkóhun.

Látìgbà náà ni káfíńtà ti sọ ọ́ di àga àròyé. Kò sí ẹni tí kò lè wá ráhùn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó, bí onítọ̀hún bá ṣáà ti gbà láti jókòó síbẹ̀. Ó máa ń ní, "Èyí tí ẹ bá sọ tán lórí ẹ̀, ọ̀rọ̀ gidi ni. Èyí tí ẹ bá dìde fi sílẹ̀, kò dùn yín tó bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá ilé-ìwé ní kó kan irú rẹ̀ kan fún ọ́fíìsì òun, nítorí àwọn òbí tí kì í jẹ́ kí òun gbádùn. Bàbá Kò-Burú gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sán-ún, wọ́n tura, wọ́n sì dùn ún jókòó. Ó di dandan kó yá obìnrin náà ni àga ara rẹ̀ fún sáà ẹ̀kọ́ kan. "Ọwọ́ mi ti mọ iṣẹ́ jù," ló ń sọ kiri, bí ẹni tí nǹkan ńlá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n á máa béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Kò-Burú. Ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn nígbàkúùgbà. Ìjì ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀bù lọ, ó ní, "Kò burú, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ sí i." Nígbà tí ayùn gé ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀, dókítà káàánú rẹ̀ gidigidi.

"Bàbá, ó mà ṣe o. Ìka méjì ti lọ."

"Dókítà, ẹ bá mi ka àwọn tó kù."

"Mẹ́jọ ni."

"Kò burú. Ìṣó kan ṣoṣo náà ni mo ń dì mú lẹ́ẹ̀kan."

Gbogbo ilé ìwòsàn ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé obìnrin yìí mọ bí wọ́n ṣe ń ráhùn. Ó lè ráhùn lórí òjò tó rọ̀ àti òjò tí kò rọ̀ nínú gbólóhùn kan náà, kò sì sí ẹni tó tíì pẹ́ tó o lórí àga yẹn. Kò yé e bí èèyàn ṣe lè pàdánù ìka méjì kí ó má tilẹ̀ fajú ro.

Lẹ́yìn náà ni iná wá. Ọ̀sán gangan ni, èérún igi ló gbiná, kí wọ́n sì tó sáré pọn omi dé, ṣọ́ọ̀bù ti jó tán pẹ̀lú gbogbo irinṣẹ́, ó sì ti mú yàrá aránṣọ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ di irin dúdú. Nínú gbogbo ohun tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù náà, àga burúkú tó wà nílé-ìwé nìkan ló yè.

Bàbá Kò-Burú dúró, ó ń wo eérú. "Kò burú," ó ní. "Kò sẹ́ni tó wà nínú ẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ má sọ ọ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́. Ṣé inú yín máa ń dùn lóòótọ́ ni, àbí ẹ kàn ń díbọ́n fún wa?"

"Inú mi máa ń dùn."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ọkùnrin tí èsì kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ fẹsẹ̀ wa eérú. "Jẹ́ kí n rò ó," ló sọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ba obìnrin náà lẹ́rù ju iná lọ. Bó bá jẹ́ pé ó ń díbọ́n ni, a jẹ́ pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lòun ti fi ń bá àlejò gbé. A jẹ́ pé ó ń dá sunkún níbì kan, tóun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tóun ń ráhùn lórí òjò. Ó fẹ́ mọ̀, kò sì sí ọ̀nà míì ju kó rí ojú rẹ̀ nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀.

Wọ́n ti gbé àga padà láti ilé-ìwé, wọ́n sì ti fi páànù ṣe ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sẹ́yìnkùlé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyàwó lọ lúgọ sẹ́yìn pákó tí wọ́n tò jọ. Ọkọ rẹ̀ ń fá igi lọ, kò gbójú sókè. "Ìyàwó mi," ó ní, "eruku á kó sí ọ lọ́fun o." Lọ́jọ́ kejì, ihò ara páànù ló ti ń yọjú, ló bá sín. "Pẹ̀lẹ́ o," ni wọ́n dá a lóhùn láti inú.

Lọ́jọ́ kẹta, ó gbọ́n sí i. Láàárọ̀, ó ní òun ń lọ ra òwú, ó jáde lójú pópó, ó gba ẹ̀yìn ilé yípo wọlé, ó sì fi ìbòjú bo imú.

Láti ihò ara páànù, ó rí ọkọ rẹ̀ tó ti ilẹ̀kùn. Ó rí i tó gbé àga àròyé sáàárín ilé, tó jókòó.

"Àkọ́kọ́," ni Bàbá Kò-Burú wí fún yàrá tó ṣófo, "ìka ń ro mí. Àwọn méjì tí kò sí mọ́ ló sì ń ro mí jù. Ìkejì, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kó irinṣẹ́ wọ̀nyẹn jọ." Ó sún síwájú, ó fà sẹ́yìn. "Ìkẹta, ẹ̀rọ ìyàwó mi. Iná ṣọ́ọ̀bù mi ló jó o. Mi ò lè wo ojú ẹ̀." Ó sunkún níbẹ̀, ó sì ń fẹsẹ̀ tilẹ̀ kó má baà ṣubú. Lẹ́yìn náà ó nu imú. "Ìkẹrin, tí ìyàwó mi bá ń han oorun, ṣe ló dà bí ẹni tó ń rẹ́ pákó."

Irọ́ ni! Ó kù díẹ̀ kí ìyàwó ké e jáde lẹ́yìn páànù. Ó yára fọwọ́ bo ẹnu.

"Ó tán," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó dìde, ó fọwọ́ ra ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi ń kọrin, orin tí ohùn rẹ̀ kò bára mu rárá. Obìnrin náà dúró, ó ń retí kí ojú rẹ̀ tún yí padà. Kò yí padà. Ó rí i tó fi àtẹ́lẹwọ́ ra igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, tó sì rẹ́rìn-ín sí i, nígbà tí kò sẹ́ni tó lè rí i. Ó rọra kúrò níbẹ̀, ó lọ ra òwú náà ní tòótọ́, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń sùn.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni àìsàn dá Bàbá Kò-Burú dùbúlẹ̀. Ó ń sọ "kò burú" fún àwọn tó ń wá kí i, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń wúwo lójoojúmọ́, kò sì kọrin mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló mọ ohun tó ṣe é. Kò lè jókòó mọ́, kò sì rí ibi ráhùn.

Ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ráhùn fún mi."

"Èmi kẹ̀?"

"Mo ti gbọ́ yín rí. Láti ẹ̀yìn páànù."

Ó wò ó títí. "Ṣé o gbọ́ ti oorun?"

"Mo gbọ́ ti oorun."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀. Ó ráhùn lórí ìrora, lórí òògùn kíkorò, lórí àwọn igi tó ti rà tí kò ní fọwọ́ kàn mọ́, lórí ẹ̀rù tó ń bà á. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ fún un pé kó mọ́kàn le. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ó tán?"

"Ó tán." Ó fọwọ́ nu ojú. "O bi mí nígbà kan bí mo ṣe mọ̀ pé inú mi dùn. Mo ti rò ó. Tí mo bá ráhùn tán, mo máa ń wo ohun tó kù nínú mi."

"Kí ló wá kù báyìí?"

Ó dijú, ó wo inú ara rẹ̀ dáadáa, bó ṣe máa ń wo igi kó tó gé e. "Ó kù," ó ní. "Ìyàwó mi, ó mà ṣì pọ̀ o." Ó sì rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kẹta ló kú. Ilé kún fún àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé náà wà níbẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló nu ojú tó ní, "Irú ọkùnrin yìí ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí kò ráhùn rí láyé ẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Opó náà gbé orí sókè, ó sì ń fi í yangàn. "Ó ráhùn dáadáa! Aago méjì ló bẹ̀rẹ̀, ó di aago márùn-ún kó tó tán, kò sì fo ọ̀kan." Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, òun náà rín in, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Ó dúró kí wọ́n dákẹ́.

"Nígbà tó ráhùn tán," ó ní, "inú ẹ̀ ṣì dùn. Mo wà níbẹ̀."